Ìbọn ìléwọ́ àkọ́kọ́: ohun tí àwọn ọmọ Yorùbá ní Texas máa ń bi mí, àti ìdáhùn mi

Ọdún kẹjọ rèé tí mo ti ń yìnbọn ní réńjì, ibi tí a ti ń kọ́ ìbọn yíyìn, ní agbègbè Houston. Nọ́ọ̀sì ni mí, iṣẹ́ alẹ́ ni mo ń ṣe nígbà tí mo kọ́kọ́ rò ó pé kí n ra ìbọn. Láti ìgbà tí àwọn èèyàn wa ti mọ̀, kò sí ìsọmọlórúkọ tàbí ìpàdé ẹgbẹ́ tí ẹnìkan kì í fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pé, “Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ìbọn wo ni kí n rà?” Mo kó ìbéèrè wọn jọ síbí. Òfin tí mo ń tọ́ka sí, ti ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà àti ti Texas ni. Ẹni tó bá wà ní ìpínlẹ̀ mìíràn, kó yẹ òfin ibẹ̀ wò.

Àǹtí, mi ò tíì di ọmọ Amẹ́ríkà. Ṣé mo lè ra ìbọn?

Ìwé tí ẹ fi ń gbé ìlú ló máa sọ. Bí ẹ bá ti gba green card, òfin ìjọba àpapọ̀ gbà yín láàyè. Bó bá jẹ́ físà ìgbà díẹ̀ lẹ fi wọlé, F-1 ti akẹ́kọ̀ọ́, H-1B ti òṣìṣẹ́ tàbí B-2 ti àlejò, ẹ kò gbọdọ̀ rà á, ẹ kò sì gbọdọ̀ ní in lọ́wọ́, àyàfi tí ẹ bá wà lára àwọn díẹ̀ tí òfin yọ sílẹ̀, bí ẹni tó ní láísẹ́ǹsì ọdẹ tí àkókò rẹ̀ kò tíì tán. Ẹni tí físà rẹ̀ ti parí tó ṣì wà nílùú kò ní àyè kankan. Ẹ fi èyí sọ́kàn kí ọ̀rẹ́ tó fà yín lọ sí réńjì lọ́jọ́ Sátidé. Ìbọn tí ẹ yá fún wákàtí kan, ìbọn náà ni lójú òfin.

Ẹni tó bá fẹ́ ra ìbọn ìléwọ́ lọ́wọ́ olùtajà tó ní láísẹ́ǹsì gbọ́dọ̀ tó ọmọ ọdún 21. Ẹ máa kọ ọ̀rọ̀ sínú fọ́ọ̀mù kan tí wọ́n ń pè ní 4473, olùtajà á sì kàn sí NICS, ètò àyẹ̀wò tó wà lọ́wọ́ FBI láti 1998. Nígbà míì èsì á dé kí ẹ tó jókòó dáadáa, nígbà míì wọ́n á ní kí ẹ lọ kí ẹ padà wá. Ẹni tí ilé ẹjọ́ ti dá lẹ́bi pé ó lu ìyàwó tàbí ọkọ rẹ̀, kódà kí ẹjọ́ náà kéré, kò ní rí i rà.

Mo bẹ yín, ẹ ka fọ́ọ̀mù yẹn ní àkàyé kí ẹ tó mú bírò. Ẹni tó ní green card tó wá lọ sàmì síbi tó wà fún ọmọ ìlú ti ba ọ̀nà ara rẹ̀ jẹ́, nítorí wọ́n lè torí irọ́ bẹ́ẹ̀ lé èèyàn kúrò ní Amẹ́ríkà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Maryland, níbi tí àwọn èèyàn wa pọ̀ sí, ẹ máa kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ tí wọ́n ń pè ní HQL. Illinois ń béèrè káàdì FOID, ìyẹn káàdì àṣẹ láti ní ìbọn. Ní New York àti New Jersey, ìwé àṣẹ ló máa ń ṣáájú ìbọn.

Ọ̀rẹ́ mi ní kí n bá òun rà á lórúkọ mi, òun á fún mi lówó. Ó burú ni?

Ó burú gan-an. Fọ́ọ̀mù 4473 ń béèrè bóyá ẹ̀yin gan-an lẹ ń ra ìbọn náà fún ara yín. Òfin tí wọ́n ṣe ní 2022 sọ pé ẹni tó bá báyìí ra ìbọn fún ẹni tó mọ̀ pé òfin kò gbà láàyè láti ní in lè ṣẹ̀wọ̀n tó ọdún 15. Ẹ má jẹ́ kí ojú tì yín láti sọ pé rárá, ìbáà jẹ́ ọmọ ìyá yín ló bẹ̀ yín.

Ẹ̀bùn yàtọ̀ sí ìyẹn. Bí ọkọ bá fi owó ara rẹ̀ ra ìbọn ta ìyàwó rẹ̀ lọ́rẹ, tí òfin sì gba ìyàwó láàyè láti ní in, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ìyàwó fúnra rẹ̀ dì í mú kí wọ́n tó sanwó. Ìka tó tọ́ sí imú la fi ń re imú.

Ṣé ó yẹ kí n tilẹ̀ ra ìbọn?

Kì í ṣe gbogbo ilé ló yẹ kí ìbọn wọ̀. Bí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn bá ń bá ẹnìkan jà nínú ilé, tàbí tó ti sọ ọ́ rí pé ayé sú òun, ẹ má gbé ìbọn wọlé ní àkókò yìí. Nínú àwọn tí ìbọn ń pa ní Amẹ́ríkà, ó ju ìdajì lọ tó jẹ́ pé ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi pa ara wọn. Àwa Yorùbá kì í fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí. A ó ní ọmọ ń ṣagídí ni, tàbí pé ayé ló ń ṣe é. Mo ti ṣiṣẹ́ ní yàrá pàjáwìrì, mo sì mọ ohun tí mo rí. Ẹni tí èrò bẹ́ẹ̀ bá wá sí lọ́kàn lè pe 988 nígbàkígbà, lọ́sàn-án tàbí lóru.

Bó bá sì jẹ́ olè lẹ ń bẹ̀rù, ẹ kọ́kọ́ tún ilẹ̀kùn ṣe, ẹ fi iná tó mọ́lẹ̀ sí ìta. Iṣẹ́ tí ilẹ̀kùn tó le ń ṣe, ìbọn kò lè bá a ṣe é.

Kí ni kí n ṣe kí n tó ra ohunkóhun?

Ẹ kọ́ ọ. Ẹ wá kíláàsì fún ẹni tí kò yìnbọn rí. Wákàtí mẹ́rin tàbí márùn-ún ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, wọ́n á fún yín ní ìbọn lò níbẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kọ́ láàárín àwọn tó jọ yín, ẹgbẹ́ kan wà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Atlanta ní 2015 fún àwọn aláwọ̀ dúdú tó ní ìbọn, NAAGA lorúkọ rẹ̀. Ó ní ẹ̀ka káàkiri, àwọn obìnrin sì pọ̀ níbẹ̀.

Lẹ́yìn kíláàsì, ẹ lọ yá ìbọn ní réńjì. Ọ̀pọ̀ réńjì ní ìbọn oríṣiríṣi tí wọ́n ń yáni. Bí ẹ bá dá lọ, àwọn míì kì í yá yín, wọ́n á ní kí ẹ mú ẹnìkejì wá. Ẹ má bínú, ẹ̀mí èèyàn ni wọ́n ń ṣọ́. Ẹ yá mẹ́ta ó kéré jù, kí ẹ yin ọta bí àádọ́ta nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, lọ́jọ́ tó yàtọ̀ bó bá ṣeé ṣe. Ìbọn tó dùn mọ́ yín ní ọta kẹwàá lè ti máa bí yín nínú ní ọta ogójì.

Wọ́n ní ìbọn kékeré ló dára fún obìnrin. Òótọ́ ni?

Irọ́ ni, owó mi ti ṣègbé sí ìmọ̀ràn yẹn. Lọ́dún tí mo bẹ̀rẹ̀, mo wọ ṣọ́ọ̀bù kan. Ọkùnrin tó dá mi lóhùn kò béèrè bóyá mo ti yìnbọn rí. Ó wo ojú mi, ó wo ọwọ́ mi, ó gbé ìbọn kan jáde tó fẹ́rẹ̀ẹ́ sọnù sínú àtẹ́lẹwọ́ mi, ọta .380 ló ń lò (nọ́ńbà yìí ló ń sọ bí ọta ṣe fẹ̀ tó). Ó rẹwà. Ó fúyẹ́. Mo sanwó lójú ẹsẹ̀.

Nígbà tí mo yìn ín, ṣe ló dà bí ìgbà tí wọ́n fi pàṣán na àtẹ́lẹwọ́ mi. Nígbà tó fi máa di ọta kẹta, mo ti ń di ojú kí n tó fà á, ọta sì ń gba abẹ́ bébà kọjá. Oṣù mẹ́rin ni mi ò padà sí réńjì. Mo gbà pé èmi ni mi ò ní ọwọ́ ìbọn, àfi ìgbà tí obìnrin kan tó ń kọ́ni gbé ìbọn ńlá kan lé mi lọ́wọ́. Ọta márùn-ún àkọ́kọ́ wọ inú ibi tí kò ju ìdérí ìkòkò ọbẹ̀ lọ. Mo tún wo ìbọn náà, mo wo ọwọ́ mi. Mo ta tàkọ́kọ́ ní nǹkan bí ìdajì owó tí mo rà á.

Ìdí rẹ̀ ni pé agbára tó ń ti ọta síwájú, òun náà ló ń ti ìbọn sẹ́yìn. Ìbọn tó wúwo á gba díẹ̀ mọ́ra nínú agbára yẹn. Èyí tó fúyẹ́, ọwọ́ yín ni yóò rù ú. Èèkù ìbọn kékeré kúrú, ìka tó kéré jù kò ní ríbi dúró. Sáìtì, àwọn àmì orí ìbọn tí à ń fi fojú sun nǹkan, sún mọ́ra jù lórí rẹ̀, tí ọwọ́ bá yẹ̀ díẹ̀ báyìí, ọta á lọ jìnnà sí ibi tí ẹ fẹ́. Ẹni tó ti mọ ìbọn yìn dáadáa, tó fẹ́ fi pamọ́ sára, ni ìbọn kékeré wà fún. Kò dára fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ.

Ọta wo ni kí n mú? Nọ́ńbà wọn pọ̀ jù.

Méjì péré ló yẹ kó gba àkókò yín: .22 LR àti 9mm.

Ọta .22 kéré, owó rẹ̀ kò pọ̀, kì í fi bẹ́ẹ̀ ta padà, ariwo rẹ̀ sì mọ níwọ̀n. Ẹni tí ẹ̀rù ìbọn ń bà, kò sí ibi tó dára ju ibẹ̀ lọ láti bẹ̀rẹ̀. Tó bá jẹ́ ìdáàbòbò ilé lẹ ń rò, kò lágbára tó bẹ́ẹ̀, ó sì máa ń kọ̀ láti yìn nígbà míì ju àwọn yòókù lọ.

Ọta 9mm ni èyí tí Georg Luger gbé jáde ní 1902, òun ni ọ̀pọ̀ ọlọ́pàá àti ológun káàkiri ayé ń lò títí dòní. FBI ti fi .40 rọ́pò rẹ̀ fún ọdún púpọ̀, wọ́n tún padà sídìí 9mm. Nínú àwọn ọta tó lágbára, òun ni kò wọ́n, òun ló sì wà káàkiri. Ẹ fi .40 àti .45 sílẹ̀ fún ọjọ́ mìíràn. Ẹ rí i dájú pé nọ́ńbà ara páálí ọta bá èyí tí wọ́n kọ sára ìbọn mu. Tí kò bá bá a mu, ẹ má yìn ín.

Revolver tàbí èyí tó ní mágásínì?

Revolver ni èyí tí ilé ọta rẹ̀ rí roboto tó ń yí, ọta márùn-ún tàbí mẹ́fà ló sábà máa ń gbà. Èyí tó ní mágásínì, àpò ọta tó ń wọ inú èèkù, ń gba mẹ́wàá, márùn-ún-dín-lógún, jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn àgbà ọkùnrin fẹ́ràn láti máa sọ pé kí ìyá ilé gba revolver torí kò le lò. Òótọ́ ni pé ó rọrùn láti rí bóyá ọta wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n tírígà rẹ̀, ibi tí ìka ń fà kí ìbọn tó yìn, wúwo, ó lè ju ìlọ́po méjì ti Glock, ìbọn onímágásínì kan tó gbajúmọ̀, lọ, bí ìka sì ṣe ń tiraka ni gbogbo ìbọn á máa gbọ̀n. Ẹni tí ìka rẹ̀ kò lágbára gan-an ló máa ń jìyà rẹ̀. Mo máa ń darí àwọn tó bi mí sí èyí tó ní mágásínì.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ó bá ọwọ́ mi mu?

Wọ́n ní bí ọwọ́ ọmọdé kò bá tíì tẹ èèkù idà, kì í bèèrè ikú tó pa baba rẹ̀. Èèkù náà ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ ní kí wọ́n fi hàn yín pé kò sí ọta nínú rẹ̀, kí ẹ̀yin náà tún fojú ara yín wò ó. Kí ẹnu ìbọn kọjú síbi tí wọ́n bá ní kó kọjú sí.

Ẹ ti ọwọ́ sókè dáadáa lẹ́yìn èèkù. Egungun apá yín àti ìbọn gbọ́dọ̀ wà lórí ìlà kan. Bó bá jẹ́ pé ẹ ní láti yí ọwọ́ kí ìka tó kan tírígà, ó ti tóbi jù. Orí ìka ìfábẹ̀lá ló yẹ kó kan tírígà. Bó bá jẹ́ ṣóńṣó ìka nìkan ló dé ibẹ̀, ìka yóò máa ti ìbọn sí ẹ̀gbẹ́ kan nígbà tí ẹ bá ń fà á. Àwọn ìbọn kan báyìí ní ẹ̀yìn èèkù tí a lè pààrọ̀, kékeré, àárín àti ńlá. Ẹ bèèrè rẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ di ojú, ẹ gbé e sókè bí ẹni fojú sun ògiri, ẹ wá la ojú. Bí sáìtì bá ti wà níbi tó yẹ láìjẹ́ pé ẹ ń wá a, ìbọn náà ti bá yín mu.

A kì í fojú olójú ṣòwò ká jèrè. Ìbọn tí ẹ̀gbọ́n yín fẹ́ràn, ọwọ́ rẹ̀ ló bá mu.

Mi ò lágbára láti fa òkè ìbọn sẹ́yìn.

Sláìdì lẹ ń sọ. Lọ́pọ̀ ìgbà, bí a ṣe ń fà á ni kò tọ́. Ẹ má na apá jáde. Ẹ mú ìbọn sún mọ́ àyà, kí ẹnu rẹ̀ ṣì kọjú síwájú, kí ìka jìnnà sí tírígà. Ẹ fi gbogbo àtẹ́lẹwọ́ kejì bo sláìdì lẹ́yìn, kí ẹ dì í mú ṣinṣin, kí ọwọ́ tó di èèkù wá máa tì síwájú bí èkejì ti ń fà sẹ́yìn. Mo ti rí ìyá tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún tó fà á ní ìgbà kejì tí wọ́n fi hàn án. Bí làkúrègbé bá wà lọ́wọ́ yín, Smith & Wesson ṣe Shield EZ nítorí irú yín; sláìdì rẹ̀ rọ̀.

Ọwọ́ ọ̀tún ni mo ń lò, àmọ́ wọ́n ní ojú òsì ló lágbára jù.

Ẹ na ọwọ́ méjèèjì, ẹ fi wọ́n ṣe ihò kékeré kan, kí ẹ fi ihò náà wo nǹkan tó jìnnà. Ẹ di ojú òsì. Bí nǹkan náà bá pòórá, òsì ló ń darí. Kò pọn dandan kí ẹ yí ọwọ́ padà. Ẹ kàn yí orí díẹ̀ kí ojú òsì bọ́ sẹ́yìn sáìtì.

Ẹ ṣáà dárúkọ fún mi.

Glock 19 ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀. Láti 1988 ló ti wà, ọta 15 ló ń gbà, kò kéré jù, kò tóbi jù, ẹ̀yà ara rẹ̀ àti àkọ̀ rẹ̀ sì kún ọjà. M&P ti Smith & Wesson rọ̀ mí lọ́wọ́ jù ú lọ, òun ni mò ń lò. Walther PDP náà dára. SIG P365 gbajúmọ̀, ṣùgbọ́n kékeré ni, ẹ tún ìtàn mi òkè yẹn kà. Fún .22, ẹ wo Ruger Mark IV. Bí owó kò bá tó, Taurus tí wọ́n ń ṣe ní Brazil kò wọ́n; ẹ yin tiyín dáadáa kí ẹ tó gbẹ́kẹ̀ lé e.

Èló ni kí n múra sílẹ̀ fún?

Glock 19 tuntun máa ń tó $500 sí $600. Kì í ṣe gbogbo owó yín ni kó lọ síbẹ̀. Kíláàsì wà níbẹ̀, ìbòtí, gíláàsì ojú, àpótí onírin, àkọ̀ tó bo tírígà pátápátá, àti ọta, ọta, ọta. Ẹni tó ra ìbọn $1,500 tí kò wá rówó ra ọta tí yóò fi kọ́ ọ ti ra ohun ọ̀ṣọ́. Àlòkù láti ṣọ́ọ̀bù tó dára kò burú.

Àwọn òfin wo ni mi ò gbọdọ̀ rú?

Mẹ́rin ni, Jeff Cooper, ará Amẹ́ríkà kan tó ń kọ́ni ní ìbọn, ló tò wọ́n báyìí, wọ́n sì ti di ti gbogbo ayé. Gbogbo ìbọn ló ní ọta nínú, kódà èyí tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ yẹ̀ wò. Ẹ má kọ ẹnu ìbọn sí ohun tí ẹ kò fẹ́ pa run. Kí ìka má wọ tírígà títí sáìtì yóò fi dúró lórí ohun tí ẹ fẹ́ yìn. Kí ẹ mọ ohun náà, kí ẹ sì mọ ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọta 9mm ń la ògiri ilé Amẹ́ríkà kọjá bọ́ sí yàrá kejì.

Ní réńjì, ẹ bo etí. Ìró ìbọn ìléwọ́ ju 140 dẹ́síbẹ́lì lọ, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo sì ti tó láti ba etí jẹ́. Nínú ilé, èmi máa ń fi ti inú etí sí kí n tún fi ti orí bò ó. Òjé wà nínú èéfín àti lára ọta, nítorí náà ẹ fi ọṣẹ àti omi tútù fọ ọwọ́ kí ẹ tó jẹun, kí ẹ pààrọ̀ aṣọ kí ẹ tó gbé ọmọ. Aláboyún, ẹ jẹ́ kí réńjì dúró títí ẹ ó fi bí.

Níbo ni kí n fi pamọ́ sí nínú ilé?

Kì í ṣe abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Kì í ṣe orí kọ́bọ́ọ̀dù, kì í sì í ṣe inú àpò aṣọ òkè. Àwọn ọmọ mọ gbogbo ibi tí a rò pé wọn kò mọ̀, wọ́n ti bá ẹran jíjẹ jáde níbẹ̀ rí. Láti 2005 ni òfin ti ní kí olùtajà fún yín ní kọ́kọ́rọ́ tàbí ohun ìtìpa pẹ̀lú ìbọn ìléwọ́. Èyí dára fún ìbẹ̀rẹ̀, àmọ́ ẹ ra àpótí onírin kékeré tó ń fi nọ́ńbà ṣí, kí ẹ so ó mọ́ nǹkan tó wúwo. Nọ́ńbà náà kò gbọdọ̀ jẹ́ ọjọ́ ìbí ẹnikẹ́ni nínú ilé.

Ní Texas, ẹ̀ṣẹ̀ ni bí ẹ bá fi ìbọn tó ní ọta sílẹ̀ níbi tí ọmọ tí kò tó ọdún 17 ti lè mú un. Ilé wa kì í sì í ṣe ilé èèyàn mẹ́rin. Àwọn ọmọ àbúrò ń bọ̀, àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ń bọ̀, màmá ń bọ̀ láti Ìbàdàn láti wá tọ́jú ọmọ tuntun, tí yóò tú gbogbo ilé palẹ̀ láti tún un ṣe. Ìbọn tí kò sí lára yín tí kò sì sí nínú àpótí, ó ti wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Obìnrin, ẹ má ju ìbọn sínú hándíbáàgì tí ẹ ń gbé kalẹ̀ nínú pálọ̀.

Ṣé mo lè gbé e jáde?

Láti September 1, 2021, ẹni tó tó ọdún 21 tí òfin kò dí lọ́wọ́ lè gbé ìbọn ìléwọ́ ní Texas láìgba láísẹ́ǹsì. Ẹ ṣì gba láísẹ́ǹsì náà, torí ẹ̀kọ́ wà nínú rẹ̀, àwọn ìpínlẹ̀ míì sì ń kà á sí. Ilé ọtí tó lẹ àmì pupa 51% mọ́ra (ìyẹn ni pé ọtí ló ń mú ju ìdajì owó wọn wá), ẹ kò gbọdọ̀ gbé e wọ ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ́fíìsì ìjọba àpapọ̀ àti ilé ìfìwéránṣẹ́. Bí ọlọ́pàá bá dá ọkọ̀ yín dúró, ẹ tan iná inú ọkọ̀, ẹ gbé ọwọ́ méjèèjì sókè sórí sítíárì, ẹ fi ẹnu sọ ibi tí ìbọn wà kí ẹ tó gbé ọwọ́ kankan.

Mo ń lọ sílé ní December. Ṣé mo lè mú un lọ?

Ẹ má tilẹ̀ rò ó. Òfin ìbọn Nàìjíríà ti 1959 to ìbọn ìléwọ́ mọ́ àwọn tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ní láìjẹ́ pé Ààrẹ fúnra rẹ̀ fún un láṣẹ. Ìbọn ṣakabùlà tí àwọn ọdẹ ń gbà ìwé fún, ọ̀tọ̀ ni ìyẹn. Ẹni tó ń gba London kọjá náà kò yọ: láti 1997, lẹ́yìn ìpànìyàn tó ṣẹlẹ̀ ní Dunblane ní Scotland, ni wọ́n ti fòfin de ọ̀pọ̀ jù lọ ìbọn ìléwọ́ ní Britain.

Ohun tó sì ń mú èèyàn jù kì í ṣe ìbọn gan-an, ọta kan ṣoṣo tó sá sí igun àpò ni. Ẹnìkan tí mo mọ̀ gbé àpò réńjì rẹ̀ kó ẹrù ilé, ẹ̀rọ àyẹ̀wò rí ọta 9mm kan lábẹ́ bàtà, ọkọ̀ òfurufú rẹ̀ sì gbéra láìsí i. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ra àpò kan tó jẹ́ ti réńjì nìkan, aláwọ̀ ọsàn, kí ẹnikẹ́ni nínú ilé má bàa ṣì í mú. Inú gáréèjì ló ń gbé. Kò dé pápákọ̀ òfurufú rí.